Tróńbóònù Tó Ń Fọ Ohùn Méjì

Ohùn méjì ni mo gbọ́ lẹ́nu tróńbóònù kan ṣoṣo, mo sì fura lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan fẹ́ rẹ́ mi jẹ.

Fèrè òyìnbó tòkunbọ̀ ni mo ń tà ní Kétu, àwọn onídẹ tí báńdì ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fọn. Èmi fúnra mi ò lè fọn ọ̀kankan. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní tí fèrè bá ti fọ ohùn méjì, ó ti sán, kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Mende ló mú Kúnlé, afunfèrè wọn, wá ra tróńbóònù kan. Alàgbà ti fẹ́ sanwó kí Kúnlé tó ní kóun dán an wò. Ó fọn ún, ó dùn. Ó tún fọn ún, ohùn kejì ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bíi màlúù.

"Mummy, èyí ti sán," Alàgbà wí. "Ẹ dẹ̀ fẹ́ tà á fún ilé Ọlọ́run."

"Daddy, ẹ má tíì kó mi lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ẹ jẹ́ n bu omi."

Mo fi bọ́ọ̀lù rọ́bà dí ẹnu ńlá tí ohùn ń gbà jáde, mo rì í sínú bàsíà ńlá, mo ní kí Kúnlé fẹ́ atẹ́gùn sí i. Omi ò hó rárá. Kò jò níbì kankan.

Mo wo Kúnlé. Ojú rẹ̀ mọ́ jù fún mi. Àbí fóònù ló ń dún lápò rẹ̀? Mo tú àpò, súìtì ló wà níbẹ̀. Mo ní kó tún un fọn, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́fun. Ọ̀fun ń gbọ̀n bíi jẹnẹrétọ̀.

"O ń kọrin sínú ọjà mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy. Tèèyàn bá ń fọn ún, tó tún ń fi ọ̀fun kọrin, ohùn méjì á jáde pọ̀."

"Kí ló dé tó o dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pè mí lólè?"

"Mo rò pé ẹ máa já owó ẹ̀ wálẹ̀ ni."

"Ẹ ṣì lè já a náà," Alàgbà wí.

Mi ò já kọ́bọ̀. Wọ́n san án pé.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo jókòó. Fèrè mẹ́ta ni mo ti tà ní irin àlòkù torí ohùn méjì, mi ò ri ọ̀kankan sómi. Ta ló mọ ọ̀fun tó kọrin sínú wọn?

Ní báyìí, ẹni tó bá máa dán fèrè wò lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ mi á wà lọ́fun rẹ̀. Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni. Mo ní kí wọ́n lọ ra ìlù.