Àgbo Ẹṣin Nínú Ògì Ẹ̀gbọ́n Mi

Iṣẹ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin ará Íńdíà kan ní Sachse, lẹ́bàá Dallas. Mo fẹ́ kọ ìròyìn kan fún ìwé ìròyìn orí ayélujára tí àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Dallas máa ń kà, nípa ohun tí àwọn aládùúgbò wa ń lò kí wọ́n lè rí oorun sùn. Mo gbé fóònù sórí tábìlì láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí òun gan-an fi di ẹni tó ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ṣé bí ẹsẹ̀ yín ṣe máa ń gbọ̀n nìyí?"

Mo wo abẹ́ tábìlì. Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ń lọ sókè sódò bí ẹsẹ̀ télọ̀ lórí maṣíìnì.

"Ṣé awọ ara yín máa ń gbẹ? Ṣé ẹ máa ń dìde nídìí oúnjẹ kí ẹ tó jẹun tán?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n yọ ahọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn, kò sí ẹni tí mo lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tó ní kí n yọ ahọ́n rí. Mo yọ ọ́.

Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú ìmọ̀ ìwòsàn àwọn baba ńlá wọn, ara ènìyàn ní ìṣẹ̀dá tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ lára ẹlòmíràn, iná ló pọ̀ lára ẹlòmíràn, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé omi àti ilẹ̀ ló pọ̀ lára wọn. "Afẹ́fẹ́ ni tiyín," ó ní, "ó sì ti pọ̀ jù. Ohun tó wúwo, tó sì gbóná, ni yóò mú yín balẹ̀." Ó dárúkọ gbòǹgbò kan tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, ashwagandha. Ó ní ìtumọ̀ orúkọ náà ni òórùn ẹṣin. Kí n bù ú díẹ̀ sínú wàrà gbígbóná ní ìrọ̀lẹ́, kí n jókòó títí n ó fi mu ún tán, kí n má sì mú fóònù dání.

Bí mo ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí fóònù mi ṣì ń gba ohùn, ó tún pè mí. "Tiyín ni mo sọ o. Mi ò mọ ara àwọn ará ilé yín."

Mo rò pé gbólóhùn yẹn yóò dára fún ìparí ìròyìn mi. Nǹkan mìíràn ò sọ sí mi lọ́kàn.

Nílé wa ní Garland, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí gẹ̀gẹ̀ ti yọ sí i lọ́rùn. Gẹ̀gẹ̀ náà kì í ṣe èyí tó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ṣe ló ń ti gbogbo ara sáré: ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń làágùn nígbà tí àwa yòókù ń wá aṣọ òtútù nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì ti rù débi pé aṣọ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn lára rẹ̀. Òun ló máa ń léwájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Duncanville. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já láàárín orin, ó sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Dókítà fẹ́ gé gẹ̀gẹ̀ náà kúrò. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án bí ohun tí gẹ̀gẹ̀ náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ rọlẹ̀. "Ọkàn rẹ̀ lè má gbà á lórí bẹ́ẹ̀dì," ó sọ fún wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní oògùn tí yóò máa lò. Wọ́n ti sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí gbogbo wa ń retí nínú ilé nìyẹn, kí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan rọlẹ̀. Mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́, n ó fi í sílẹ̀, n ó jáde lọ wo táyà mọ́tò tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí," ẹ̀gbọ́n mi á ní. "Ọkàn èmi ló ń sáré, ìwọ lo wá ń sáré kiri ilé. Ṣé o fẹ́ bá mi dé ibi tí mò ń lọ ni?"

Ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ po gbòǹgbò náà, ó na imú wọ ilé ìdáná. "Kí lò ń sè? Ẹṣin?"

"Ẹṣin ni, Ẹ̀gbọ́n."

"A jẹ́ pé ẹṣin yẹn ti kú kó o tó rà á."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní àgbo ẹṣin. Mo ń mu ún. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó bá mi lórí àga, mi ò ṣe nǹkan kan. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Dádì, ṣé kò sí o? Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní mo kàn jókòó ni. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ó gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò wá láti ọ̀kánkán.

Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà wo ìwé, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Lójoojúmọ́, sà."

"Ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn?"

"Rárá, sà."

Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ títí àyẹ̀wò tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà.

A wọ mọ́tò. A gun òpópónà freeway. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí fèrèsé, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gèlè nu òógùn ọrùn. Mo ń yí ìdáhùn rẹ̀ po lọ́kàn, bí mo ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí kò purọ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè lèèyàn máa ń pààrọ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí ẹ ti jí lónìí, kí ni gbogbo ohun tó ti gba ọ̀nà ọ̀fun yín?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

"Omi. Oògùn dókítà. Ògì." Ó rò ó díẹ̀. "Àti àgbo ẹṣin rẹ tí mo pò mọ́ ògì náà."

Ọ̀nà tó yẹ kí n gbà bọ́ sílẹ̀ sí Garland kọjá lójú mi, mi ò yà.

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Kí ni? Ṣé o fẹ́ pa wá ni? Wo iwájú!"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti rí i pé o lè jókòó. Mo ní ohun tó lè mú ìwọ jókòó, kò sí ọkàn tí kò lè mú balẹ̀."

"Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bi yín ni!"

"Oògùn ilé ìwòsàn ni dókítà bi mí léèrè. Ta ló ń ka àgbo fún dókítà? Àti pé, nílé wa, ta ni Màmá ń se àgbo fún lọ́tọ̀? Ìkòkò kan ni. Bàbá mu, èmi mu, ìwọ mu, àlejò tó wá kí wa gan-an, Màmá á bu tirẹ̀ fún un. Ìyá kan náà ló bí wa. Bó bá ṣe ìwọ lóore, kí ló dé tí kò fi ní ṣe èmi?"

Òótọ́ ni. Mo rántí ìkòkò náà. Mo rántí bí Màmá ṣe ń di àbúrò wa nímú kó lè gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń bù ú?"

"Ṣíbí tèmi tóbi ju tìẹ lọ," ó ní. "Èmi kọ́ ni mò ń ṣàìsàn ni?"

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ara ike gbòǹgbò náà, ó pe ilé ìwòsàn, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Dókítà ní gbòǹgbò yẹn lè máa ti gẹ̀gẹ̀ náà láti ṣiṣẹ́ sí i, nígbà tí oògùn òun ń fà á sẹ́yìn. Ó ní òun ò lè búra pé gbòǹgbò náà nìkan ló fà á. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí." Ìyàwó mi da èyí tó kù sínú ike ìdọ̀tí, ó sì gbé ìdọ̀tí náà jáde fúnra rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ẹ̀gbọ́n mi ní, "má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Mo wakọ̀ lọ sí Sachse. Mo ṣàpèjúwe ẹ̀gbọ́n mi fún obìnrin náà. Ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Ó ń làágùn? Ó ń rù? Inú rẹ̀ ń tètè ru?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Iná ni tirẹ̀. Ohun tó ń gbóná lẹ wá fún un?"

"Òun ló bù ú."

"Ẹ ti da epo síná." Mo bi í ní ohun tó lè tu ẹ̀gbọ́n mi lára. Ó gbọn orí. "Oògùn dókítà. Èmi ò ní fún un ní nǹkan kan." Inú mọ́tò ni mo ti tún gbọ́ ohùn rẹ̀ tí fóònù mi gbà sílẹ̀: mi ò mọ ara àwọn ará ilé yín.

Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò tó ń bọ̀ ni mo ń jí bá. Èmi náà kò ra gbòǹgbò mìíràn. Ẹsẹ̀ mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo tún ọgbà ṣe, mo tún un ṣe padà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ẹ̀gbọ́n mi gbé wàrà gbígbóná lásán síwájú mi.

"Jókòó kó o mu ún."

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Bóyá ìjókòó yẹn gan-an ni oògùn náà."

Mo mu ún lórí ìjókòó. Títí di òní, mi ò lè sọ èwo nínú gbòǹgbò àti ìjókòó ló ràn mí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ìròyìn náà.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí fóònù dún, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e nílé ìdáná. Ó ń sọ "yẹ́ẹ̀sì, mà" ṣáá. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó ń gé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Wọ́n ní ó rọlẹ̀," ó ní. "Oníròyìn, lọ gbé e jáde." Mi ò mọ̀ bóyá àlùbọ́sà náà ló ń mú un sunkún.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan bi í bóyá ohunkóhun wà tó ti lò lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Ó ka oògùn dókítà. Ó ka ògì, tíì, ewédú, àgbo... ó yára ní, "Rárá o, àgbo kankan ò sí!" Ó ka ata tí ìyàwó mi fi sọ́bẹ̀. Ó fẹ́ ka ìpara tó fi pa ẹsẹ̀ ni nọ́ọ̀sì náà fi gbé kálámù sílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

Dókítà ti sọ fún wa pé iṣan tó ń gbé ohùn wà nítòsí ibi tí òun fẹ́ gé. Òun yóò ṣọ́ra, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí. Wọ́n gbé e wọlé. Mo rìn láti ibi ẹ̀rọ kọfí dé ibi àtẹ̀gùn, mo padà. Ìyàwó mi kò sọ fún mi pé kí n jókòó. Ó bá mi rìn díẹ̀, ó lọ jókòó tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí a wọlé, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó la ojú, ó wò mí, ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àga mi.

"Ẹsẹ̀ rẹ," ó ní.

Ohùn náà há bí ilẹ̀kùn tí kò tíì rí epo láti ọjọ́ pípẹ́. Bóyá yóò tún léwájú orin ní Duncanville, ẹnikẹ́ni ò tíì lè sọ. Ṣùgbọ́n ohùn ni, tirẹ̀ sì ni.

Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo fi í sílẹ̀ kó máa gbọ̀n.