Ẹ Jẹ́ Kó Dá Dìde

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ti lé lógójì ọdún, àmọ́ òye rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Ní agboolé wa ní Inísà, ẹnikẹ́ni tó bá dáná gbọ́dọ̀ bu tirẹ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rán an níṣẹ́. Àánú ni wọ́n ń pe ìyẹn. Èmi pàápàá jẹ̀bi. Tó bá ń sunkún, búrẹ́dì ni mo fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Orí àga ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń sanra.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí nílé ìwẹ̀, kò lè dìde mọ́. Àwa mẹ́ta la gbé e. Mo mú un lọ sí ọsibítù ní Ìkìrun. Nọ́ọ̀sì tẹ itan rẹ̀ wò, ó ní, “Màmá, ọ̀rá lẹ̀ ń wò yìí. Iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń joro, torí kì í ṣiṣẹ́.”

Mo ti lé láàádọ́rin ọdún. Tí mo bá kú, ta ni yóò máa gbé e?

Bí mo ṣe délé, mo wọ ojúlé kọ̀ọ̀kan, mo kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má bu oúnjẹ fọ́mọ mi mọ́. Mo fún un ní ìgbálẹ̀. Mo ní kó máa pọn omi ìdajì korobá. Láràárọ̀, a ó jókòó, a ó dìde, a ó tún jókòó, títí orúnkún tèmi náà á fi máa ké.

Wọ́n ní ahun ni mí, pé mò ń febi pa ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbọ́ ní Òkukù, wọ́n gbé búrẹ́dì wá.

“Ìyàwó, wọ́n ní o ti sọ ọmọ wa di ọmọ ọ̀dọ̀.”

“Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbé búrẹ́dì yẹn sórí tábìlì.”

“O ò tiẹ̀ lójú àánú.”

“Àánú yín ló so ó mọ́ àga, ẹ̀gbọ́n mi. Àánú tèmi náà wà níbẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí ọmọ mi lórí àga pé àwọn á fà á dìde. Ọmọ mi gbá ọwọ́ náà dànù. Ó di apá àga mú, ó gbìyànjú, ó jókòó padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo apànìyàn. Mi ò mira. Ọmọ mi tún gbìyànjú, ó dìde, ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó bu búrẹ́dì sẹ́nu.

“Ṣé o rí i? Ebi ti fẹ́ pa á kú.”

“Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn débẹ̀.”

Ẹni tó bá fẹ́ kó padà sórí àga, kó máa wá gbé e lọ sílé ìwẹ̀ láràárọ̀. A tètè ń jí.