Alhaja, Kúdírá àti Àròpọ̀ Tí Kò Pé

Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ tíìpíì ní ilé ìwé girama kan ní Lafiaji ni kọ̀ǹpútà dé. Tíìpíì ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ń pe oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi máa ń rán wa lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá a tó olùkọ́ tàbí a kò tó o. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Bánkì kan ní Marina ló ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì fi ògbólógbòó kan ta ilé ìwé wa lọ́rẹ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ogójì wa la máa ń rọ̀gbà yí ẹ̀rọ kan ká; níbí, èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án.

Píríńsípà wa, ọmọ Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí, ti àwọn ọmọ ni. Inú ayé ẹ̀rọ ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n á mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Àwa tá a ti lé ní àádọ́ta ọdún, ká yáa fi sílẹ̀ fún wọn."

Àwọn olùkọ́ àgbà mi orí. Alhaja Mọ̀ríámọ̀ nìkan ni kò mi tirẹ̀. Òun ni akọ̀wé ilé ìwé, ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi tapuráítà tẹ ìbéèrè ìdánwò. Tó bá ń tẹ̀wé, ojú fèrèsé ló máa ń wò, ẹnu rẹ̀ á máa tàkúrọ̀sọ, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní dúró. Bí ìpàdé ṣe parí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Tíṣà kékeré, ṣé bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sórí tèmi náà ni wọ́n ṣe tò ó sórí ìyẹn?"

"Bákan náà ni, mà."

"Kí wá ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà wá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà ti gba ohun tí píríńsípà sọ gbọ́, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn ọmọ náà. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ JSS2 mi ní ẹ̀rọ géèmù nílé, àwọn ni mo kọ́kọ́ mú jókòó. Wọ́n tẹ àwọn bọ́tìnnì tó ní àmì ọfà, wọ́n ń retí kí ẹnì kan fò lójú ẹ̀rọ bíi ti géèmù. Ọ̀kan bi mí pé níbo ni ìbọn wà. Nígbà tí mo ní kí wọ́n tẹ orúkọ ara wọn, kí ọmọ tó ń jẹ́ Jímọ̀ tó rí lẹ́tà J, èèyàn ti lè din ẹyin jẹ. Mo bi ara mi pé, ta ló sọ pé wọ́n bí ìmọ̀ yìí mọ́ wọn?

Ni mo bá ṣe ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pè ní wèrè. Olùkọ́ àgbà kan ń bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá wò mí níbi tí mo ti ń kọ́ni, kó sì fún mi ní máàkì. Mo ní kí Alhaja wá jókòó kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀kọ́ mi ni pé kí wọ́n kó máàkì kíláàsì sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì rò ó pọ̀.

Píríńsípà ránṣẹ́ pè mí. "Tí ìyá yìí bá dójú tì mí níwájú àlejò, màá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé o kì í gbàmọ̀ràn." Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé màá dúró ọdún kan gbáko kí n tó tún tíìpíì ṣe. Síbẹ̀, mi ò yí ọkàn padà.

Ọjọ́ pé. Olùkọ́ àgbà náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú píríńsípà. Mo fi bí wọ́n ṣe ń rìn láti àpótí kan sí èkejì lójú ẹ̀rọ han Alhaja lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní "Bísímílà," ó sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pe máàkì fún un, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré ju ẹnu wọn lọ. Kí á tó mọ̀, máàkì gbogbo kíláàsì ti wọlé. Orí mi wú. Mo ní kí ẹ̀rọ rò ó.

Kúdírá nawọ́. Ọmọ yìí, ìṣirò kì í dé etí rẹ̀ kó má ti ní ìdáhùn.

"Ànńtí, irọ́ ni."

"Kí ló jẹ́ irọ́?"

"Mo gba 18 nínú tẹ́ẹ̀sì, mo gba 45 nínú ìdánwò. 63 ló yẹ kó jẹ́. 45 ni ẹ̀rọ kọ."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ti gbé 18 mì. Píríńsípà húkọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" Alhaja gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí ẹ̀rọ, ó kó wọn lé itan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ títí dòní: fún ìṣẹ́jú kan, mo gbà pé píríńsípà jàre.

Bóyá ìbẹ̀rù ló la ọpọlọ mi. Mo ní kí gbogbo wọn mú bébà, kí wọ́n ro tiwọn fúnra wọn, kí ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé wá sọ. Kíláàsì hó. Mo ń kọ máàkì tí ẹ̀rọ gbé mì sójú pátákó: 18, 15, 41, 12. Mo kọ àwọn èyí tí ẹ̀rọ kà sí apá kejì: 27, 36, 50. Kúdírá rìn wá síwájú, ó tẹjú mọ́ pátákó.

"Ànńtí, gbogbo èyí tó gbé mì, 1 wà nínú wọn."

Lójijì ni Alhaja bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni o. Tapuráítà mi ò ní 1."

Ó ṣàlàyé fún wa. Láti 2 dé 9, àti òdo, ló wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ́ẹ̀lì kékeré, l, ni wọ́n kọ́ àwọn atẹ̀wé ìgbà yẹn láti máa tẹ̀ bí 1, torí lórí bébà kò sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. Lẹ́tà ló rí, kì í sì í ro lẹ́tà mọ́ nọ́ńbà. Ohun tí Alhaja mọ̀ dunjú ló ṣì í lọ́nà, èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́ ò sì gbọ́ ọ rí.

"Kúdírá, níbo ni 1 wà lórí èyí?"

Kúdírá náà ò mọ̀. Àwọn méjèèjì jọ fi ìka wá a títí wọ́n fi rí i lókè, lápá òsì. Alhaja ń pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe kan ti Kúdírá, 45 di 63, kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún wa. Omi bọ́ lójú mi níwájú olùkọ́ àgbà, mi ò bìkítà.

Obìnrin náà dìde. "Tíṣà, ṣé ọjọ́ orí ló fà á?"

"Rárá, mà. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ni. Ti Alhaja ti mọ ọ̀nà mìíràn tẹ́lẹ̀, ti àwọn ọmọ ò tíì mọ ọ̀nà kankan. Gbogbo wọn ló nílò olùkọ́."

Ó kọ nǹkan gígùn sínú ìwé rẹ̀. Mo yege. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo bá píríńsípà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja, ó rọra ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ máa ń sọ fún mi pé ọmọ tòní, inú fóònù ni wọ́n bí i sí, pé àgbà ò lè bá a. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Mo sì ní bébà kan nínú àpótí mi, tí Alhaja fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Lafiaji. Máàkì kíláàsì náà ni, gbogbo rẹ̀ pé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ mi ṣì ń lọ síbi ẹ́ẹ̀lì. Mo ń fà á padà."