Fọ́tò tí Wọ́n Wá Ya ní Ìsúndúnrìn

Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Wọ́n di ẹ̀yìn yẹtí wúrà náà mú, wọ́n rọra ń yí i. Ó le. Màríàm tutọ́ sí ìka, ó fi pa á, ó tún yí i. Ti òsì bọ́. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Àbíjàn ni ọkọ rẹ̀ olóògbé ti rà á fún un.

"Màmá, wọ́n ní kí ẹ bọ́ bàtà náà," ni Wisdom wí, ògbufọ̀ tó mú òyìnbó ayafọ́tò wá.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan lókè òkun fẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń fún epo ní Ìsúndúnrìn ní ẹ̀rọ, kí wọ́n yéé fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Fọ́tò nìkan ló kù. Ni àwọn obìnrin náà bá wọ léèsì, wọ́n lé tìróò. Ta ní í fi aṣọ iṣẹ́ ya fọ́tò? Fọ́tò tí ọmọ-ọmọ yóò fi mọni lẹ́yìn ọ̀la!

Òyìnbó wò wọ́n, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ó ní ẹ ti gbayì jù," Wisdom ń họ orí. "Àwọn tó ń dáwó lọ́hùn-ún, bí wọn ò bá rí ìyà, wọn kì í fi nǹkan sílẹ̀."

"Ìyà wo?" ni Màríàm bi í. "Ṣé torí epo kọ́ ló ṣe wá ni?"

"Màríàm, fara balẹ̀." Ifádùnní ni, ìyá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fún epo, ó na ẹsẹ̀ tó wú sílẹ̀. "Orúnkún mi ló ń bẹ̀ ọ́."

Nítorí orúnkún yẹn. Yẹtí kejì bọ́. Bàtà. Gèlè.

Òyìnbó tún sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí ọmọ kékeré kan, Wisdom sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní... kí ẹ gbé ọmọ yẹn. Kí ẹ ṣe bí ẹni pé ebi ń pa á."

Ọmọ Mùtmàínà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ni, ó rọ̀bọ̀tọ̀, àkàrà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ tèmi?" Mùtmàínà figbe ta. "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ṣé ojú yín fọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Màríàm kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Ifádùnní. A kì í fi ebi ṣeré lórí ọmọ. Ìyá ẹgbẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀, ó sì mi orí: rárá.

"Wisdom, ọmọ mi," ni Màríàm wí, ó ń wọ bàtà rẹ̀, "bá mi bi í. Bó bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ńkọ́?"

Wisdom bi í. Ìtìjú mú kí ojú òyìnbó pọ́n. Ó dá ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀ padà sínú àpò, kò sì bínú.

Ẹ̀rọ epo kò dé Ìsúndúnrìn. Wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Àlejò tó bá fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ Màríàm ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú un lọ, kó lọ dáhùn ìbéèrè yẹn.