Òkúta Abẹ Tí Àna Mi Fi Pọ́n Àdá

Èmi fúnra mi ni mo ṣa òkúta tí mo fi ń pọ́n abẹ ìfárí mi, létí odò Ọ̀pàrà. Òkúta àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ yìí kò dára fún abẹ, ó ní hóró jù. Èyí tó dúdú tó sì kúnná ni mò ń wá. Tí mo bá rí ọ̀kan, màá da omi sí i lójú. Bó bá mu omi náà kíákíá, mo ti jù ú nù nìyẹn. Bí omi bá dúró, màá fi èékánná wọ́ ojú rẹ̀, bí èékánná bá sì kan hóró kan ṣoṣo, òun náà á tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ìyàwó mi ní aláṣejù ni mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni mò ń fá, kì í ṣe iṣu ni mò ń bẹ.

Abẹ nìkan ló ń kan òkúta yẹn. Bí àárín rẹ̀ bá jìn, màá da yanrìn kúnná sórí símẹ́ńtì, màá fi òkúta náà ha á títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́, màá wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta. Omi mẹ́ta o, kì í ṣe ọ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ọjà dé, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wá láti Bessé lábẹ́ igi kajú wa. Ó gbé òkúta mi sílẹ̀, ó ń pọ́n àdá lé e lórí. Yéè! Ká ní ọmọ mi ni, gbogbo àdúgbò ni ì bá gbọ́ ohùn mi. Ṣùgbọ́n àna ni. Ta ló ń jágbe mọ́ àna? Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àna, òkúta yín yìí mà dáa o!”

Àárín òkúta ti jìn bí àwo, bẹ́ẹ̀ mo ní orí ọmọ tuntun kan láti fá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nílé àwọn Mùsùlùmí kan lẹ́yìn ọjà. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá ọmọ náà fi wá a.

Bí àna mi bá rí mi tí mò ń tún òkúta ṣe, á mọ̀ pé òun ló bà á jẹ́. Mo bá gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ń ha á bí olè. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti wúkọ́, màá tì í bọ abẹ́ aṣọ. Omi kan ṣoṣo ni mo fi ṣan án. Mo pọ́n abẹ, mo fi dán irun apá mi wò, ó gé e. Mo ní ó ti tó.

Láàárọ̀, ìyá àgbà gbé ọmọ lé itan, igbá wà nísàlẹ̀ fún irun. Láti ẹ̀yìn orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ geere. Nígbà tí mo súnmọ́ ibi rírọ̀ tó ń mí láàárín orí, abẹ kọ́. Mo gbé e sókè. Ẹ̀jẹ̀ kan kán síta, kò tó hóró ọkà bàbà. Ẹnu abẹ ti kán díẹ̀, yanrìn ló ṣe é. Ọmọ ké, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni kì í ké? Ojú gbogbo wọn wà lára àfáà tó ń wọlé. Mo fi àtàǹpàkò nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò. Mo fi láàmù tuntun, abẹ pẹlẹbẹ tí mo já kúrò nínú bébà rẹ̀, fá èyí tó kù. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n fún mi lẹ́ran, mo dúpẹ́.

Mi ò fẹnu kan ẹran náà. Mo ti gbọ́ nípa ọmọ tí egbò kékeré mú kí àgbọ̀n rẹ̀ dì, tí kò lè mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ le gan-an títí ó fi kú. Láràárọ̀ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn kọjá láti gbọ́ bóyá ọmọ á ké. Bó bá ké, màá mí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé búrẹ́dì ni mò ń lọ rà, mo sì ń rà á lóòótọ́. Kí n lọ jẹ́wọ́? Ta ló máa tún gbé ọmọ fún mi? Ẹ̀rù ọmọ ń bà mí, ẹ̀rù iṣẹ́ mi náà ń bà mí, mi ò sì lè sọ èwo ló pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ keje, mi ò gbọ́ igbe. Mo kọjá, mo padà, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo kágò, mo wọlé.

Ìyá ọmọ jókòó sórí ẹní, ọmọ ń mu ọmú, ó ń dún ṣùṣù.

“Ìyá ọmọ,” mo ní, “lọ́jọ́ yẹn, abẹ mi—”

“Mo rí i. Ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ni mo wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fọ ojú egbò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́.”

Omi bọ́ lójú mi, mo ní kí Ọlọ́run bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Láràárọ̀ ni mò ń rí yín lójú fèrèsé,” ó ní. “Ẹ ó dúró, ẹ ó tẹ́tí, ẹ ó lọ. Bàbá, ká ní èmi ò rí ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?”