Àdúrà Tí Bàbá Dábírà Gbà Lábẹ́ Kẹ̀kẹ́ Òkè

Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Dábírà ṣe kó tó fi ayé sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣì ń fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín jù ní Abraham Adésànyà Estate ni àdúrà tó gbà fún ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni. Ìjọ aláṣọ funfun ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń lọ, ìsìn ọjọ́ náà sì gùn títí di aago mẹ́ta. Olúwadábírà, àkọ́bí rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Ohun tí ọmọ náà rò ni pé wọn yóò kọ́kọ́ yà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó lọ sí Ọgbà Ayọ̀ Òkun, ibi ìṣeré ńlá tó wà létí títì Ẹ̀pẹ́. Bàbá rẹ̀ wo aago ọwọ́.

"Láti ibí délé, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ó wẹ̀, ẹ ó máa wá bàtà, màmá yín ó dúró síwájú dígí. Wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Tààrà là ń lọ."

"Pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn?" Fèyíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Sùtánà gan-an ló dáa. Ọmọ wo ló fẹ́ sọnù nínú aṣọ funfun? Láti ìsàlẹ̀ òkun ni n ó ti máa rí yín."

Bí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ṣe dé géètì ọgbà náà nìyẹn nínú sùtánà funfun báláú, tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn wà nílẹ̀ lásán, nítorí pé ẹni tó bá wọ sùtánà nínú ìjọ tiwọn kì í wọ bàtà. Ayọ̀mikún, àbúrò Dábírà, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ń fò lórí kọnkéré gbígbóná bíi tata. Bàbá ò tí ì na ọwọ́ sí àpò tí mánéjà ọgbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quadri, fi sáré jáde sí wọn, tí òógùn ti mu táì rẹ̀.

"Bàbá Wòlíì, Ọlọ́run ló rán yín. Láti àárọ̀ ni Kẹ̀kẹ́ Òkè ti kọ̀ tí kò yí mọ́. Ẹnjiníà ti tú u, ó ti dì í. Mùsùlùmí ni mí o, ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá ṣáà ti mọ Ọlọ́run ni mò ń wá."

Bàbá Dábírà kì í ṣe wòlíì. Táìmù kípà ni, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá wọn kọ́lé nítòsí èbúté ńlá Lẹ́kì. Òun ló ń kọ wákàtí tí òṣìṣẹ́ dé àti ìgbà tó lọ. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè wo pátákó tí wọ́n kọ owó tíkẹ́ẹ̀tì sí, ó tún wo Quadri.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọlé ná," ló wí.

Wọ́n wọlé láìsan kọ́bọ̀. Kẹ̀kẹ́ Òkè dúró gbagidi sí àárín ọgbà, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, àwọn àga rẹ̀ sì so rọ̀ yí i ká bí èso. Tìtorí rẹ̀ nìkan ni Dábírà ṣe wá. Wọ́n ti sọ fún un nílé ìwé pé tí èèyàn bá dé orí rẹ̀, yóò rí òkun lápá kan, yóò sì rí òrùlé ilé wọn lápá kejì.

"Tó bá ti lè yí," Quadri wí, "ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa kọ́kọ́ gùn ún. Ọ̀fẹ́ ni."

Bí Bàbá ṣe gbọ́ èyí, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò tí ì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnjiníà rí wáyà kan tó já, ó so ó, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Dábírà ti di ọwọ́ Ayọ̀mikún mú, ó ti ń fà á lọ síbi àga. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ò là. Ó dúpẹ́ fún wáyà. Ó dúpẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbàdúrà fún ìyá ẹnjiníà, fún jẹnẹrétọ̀, fún ẹni tó ta jẹnẹrétọ̀, fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, wọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó fi máa ṣe àmín, aago mẹ́fà ti lù, wọ́n sì ti ń gbálẹ̀ yí i ká.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ wá ńkọ́?" Dábírà béèrè.

"A ó gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wò ó, ọmọ mi, owó wa pé sápò digbí."

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o. Bí Ọdún Àjíǹde bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, Bàbá Dábírà á mú ṣọ́ọ̀kì funfun, á fi ya gbogbo ọgbà ìṣeré náà sílẹ̀ àgbàlá wọn. Àga ìdáná ni ọkọ̀ ojú omi. Ìkòkò òdòdó méjì ni géètì. Àwọn ará ilé á máa sáré láti ìdí eré kan bọ́ sí ìdí èkejì, òun á dúró tòun ti ìwé àti aago. Ó ní ẹni tí kò bá dánra wò nílé, orí ìlà ni yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Àlàájì Mikail, aládùúgbò wọn, ló máa ń pè wá ṣe èrò.

"Èrò mélòó ni mo jẹ́ lónìí?" Àlàájì á béèrè.

"Ogójì."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ẹ dúró síwájú Dábírà, kẹ́ ẹ máa ṣe bí ẹni tí oòrùn ń pa."

Àlàájì á fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, á sì máa kùn pé ìlà ò rìn. Nígbà míràn ó máa ń kùn gidi ju bó ṣe yẹ lọ, á ní Dábírà fẹ́ gba iwájú òun kọjá lórí ìlà, Bàbá á sì ní kí ó fara balẹ̀, èèyàn ogójì kì í bínú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìṣẹ́jú méjì lo fi wọ ọkọ̀ ojú omi," Bàbá á sọ fún ìyàwó rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Àga tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ ni, Bàbá Dábírà."

Ìdánrawò yìí ṣiṣẹ́, kí n má parọ́. Bí ìsìn bá ti parí, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé géètì nínú gbogbo ìjọ. Oúnjẹ wọn wà nínú kúlà, omi wọn wà nínú ìgò, wọn kì í sì í ra nǹkan kan. Wákàtí kan kí wọ́n tó ti ọgbà, wọ́n á ti ṣe gbogbo eré tó wà níbẹ̀ tán, àfi ẹyọ kan. Nínú ìwé Bàbá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni Kẹ̀kẹ́ Òkè máa ń wà: "Bí àkókò bá ṣẹ́kù." Àkókò ò sì ṣẹ́kù rí. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú àkókò jù lágbègbè Àjà, àkókò á kàn sá lọ ní ìrọ̀lẹ́ Àjíǹde.

Ọdún kan, nígbà tó ku kẹ̀kẹ́ yìí nìkan, Bàbá yí padà sí Ilé Iwin, ibi eré tí wọ́n ti ń dẹ́rù ba èèyàn, tí wọ́n ti jáde níbẹ̀ láti ọ̀sán.

"Ẹ dá owó mi padà," ó sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀. "Ẹ̀rù ò bà mí."

"Dádì, àwọn tó kù ké o."

"Ìyàwó mi ló ké. Ẹ mú owó tiẹ̀. Tèmi ni mò ń béèrè."

Wọ́n fà á títí, oòrùn ń lọ, Dábírà ń wo kẹ̀kẹ́ tó ń yí lókè. Nígbẹ̀yìn, Quadri dé, ó ní kò sí wàhálà. "Bàbá Wòlíì, a ò ní lè dá owó padà, ṣùgbọ́n ẹ wá gun Kẹ̀kẹ́ Òkè dípò rẹ̀ báyìí báyìí."

Bàbá tún wo Ilé Iwin dáadáa.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ̀rù bà mí díẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí títí wọ́n fi délé, àfi Dábírà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó dúró síwájú àga bàbá rẹ̀, kò jókòó.

"Bàbá, láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹta lẹ ti ń sọ pé lọ́dún tó ń bọ̀. Tá ò bá gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní tẹ̀lé yín lọ síbì kankan mọ́."

Bàbá ṣí ìwé rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan. Ó tún pa á dé.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àṣà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Táńkì omi wọn wà lórí irin gíga lẹ́yìnkùlé, àkàbà irin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá ń lọ dì í mú.

"Bàbá Dábírà, kí lẹ ń wá lórí táńkì?" Àlàájì Mikail bi í láti orí ògiri.

"Omi ni mò ń wò. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi dé kì í fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò."

"Ẹsẹ̀ yín ò tí ì kọjá ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ṣé ibẹ̀ lomi wà?"

"Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Àlàájì sọ èyí fún gbogbo òpópónà. Títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, tí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ ṣe àwàdà lágbègbè náà, á di irin kan mú, á dẹtí, á ní òun ń gbọ́ omi.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Bàbá dé ọsibítù. Kò pẹ́ níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n tètè máa lọ sílé kí gosìló tó mú wọn. Ó bi nọ́ọ̀sì léèrè aago tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ibùsùn ọjọ́ tuntun. Nọ́ọ̀sì ní aago méjìlá ọ̀sán ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì tó lù, ó lọ.

"Wọn ò rí owó ọjọ́ kejì gbà lọ́wọ́ rẹ̀," Àlàájì Mikail sọ níbi ìsìnkú. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi fìlà bo ojú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ya nǹkan kan sílẹ̀ àgbàlá. Dábírà wá ìwé bàbá rẹ̀ lọ sínú yàrá, ó kàn fẹ́ wo ìkọ̀wé rẹ̀. Iwájú ìwé náà kún fún ohun tó ti mọ̀: wákàtí, ìṣẹ́jú, èrò ogójì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò rí rí. Àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní wà níbẹ̀.

"Ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Mo gbọ̀n."

"Ìgbésẹ̀ márùn-ún. Àlàájì rí mi. Mo ní omi ni mò ń wò."

"Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án. Mi ò wolẹ̀."

"Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá. Mo wolẹ̀. Mo rí òrùlé Àlàájì, ó yẹ kó tún un ṣe."

Lábẹ́ rẹ̀ ni ètò ọdún yìí wà. Nọ́ńbà kìn-ín-ní: "Kẹ̀kẹ́ Òkè. Kí Dábírà jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi, kí n lè di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì. Fèyíkẹ́ kà á, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Bàbá rẹ ò lè dúró lórí àga pààrọ̀ gílóòbù. Gbogbo gílóòbù ilé yìí, èmi ni mò ń gun àga pààrọ̀ wọn."

"Nígbà yẹn, lábẹ́ kẹ̀kẹ́, tó ń gbàdúrà fún gbogbo wọ́ọ̀dù..."

"Ọmọ mi, ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀ láti wo aago. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ó bẹ̀ mí. Ó ní ìwọ rò pé kò sí nǹkan tó ń ba òun lẹ́rù."

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ìsìn parí ní aago mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé. Ìyá àti ọmọ méjì gba ọ̀nà ọgbà náà lọ tààrà, nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Quadri rí wọn láti òkèèrè, ó ṣí fìlà rẹ̀. Wọn ò ya ibì kankan. Ìdí Kẹ̀kẹ́ Òkè ni wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Dábírà jókòó sápá ọ̀tún. Ó fi àyè sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bọ̀sún, ọmọkùnrin tó ń yí kẹ̀kẹ́ náà, ka tíkẹ́ẹ̀tì tí Fèyíkẹ́ gbé fún un, ó ka èèyàn, ó tún ka tíkẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, mẹ́rin lẹ san, mẹ́ta ni mo rí. Ẹnì kẹrin dà?"

Fèyíkẹ́ kó etí sùtánà rẹ̀ jọ, ó jókòó, ó fa irin àga dé gbogbo wọn.

"Máa gbé wa lọ, ọmọ mi. Ó ṣì ń gbàdúrà lọ́wọ́."