Irun Ìyá Àgbà Kò Funfun

Nídìí òkìtì ìwé àròkọ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Khuyên, olùkọ́ tuntun, ní ọdún tí wọ́n gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìlú Sa Đéc ní Vietnam. Ó ń dá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ṣé ìyá àgbà kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ kíláàsì yìí ní ni? Gbogbo wọn ló nírun funfun, gbogbo wọn ló ń pàlọ́!"

Mo ní bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn: olùkọ́ á kọ àròkọ sójú pátákó, ọmọ á há a sórí, á sì yege ìdánwò. Khuyên kò bá mi jiyàn. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan pé kí wọ́n máa kọ ohun tí ojú wọ́n rí lójoojúmọ́. Ó ní òun kò ní fi bírò pupa kàn án.

Kò pẹ́ tí èyí fi mọ́ àwọn ọmọ náà lára, àfi ọ̀kan. Nhạn, tí ìyá àgbà rẹ̀ tó ń gbin òdòdó tà fún ọdún tuntun ń tọ́, kò rí nǹkan kọ. "Mo jí, mo fọ eyín, mo lọ sílé-ẹ̀kọ́" ló ń kọ ṣáá. Ìyá àgbà fìbínú wá.

"Tíṣà, ṣé eyín fífọ̀ ni wọ́n máa bi í nínú ìdánwò? Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ, kíláàsì olùkọ́ mìíràn ni mò ń mú un lọ."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ bá wa ṣe sùúrù díẹ̀."

Khuyên tẹ̀ lé ọmọ náà lọ sọ́gbà òdòdó ìyá àgbà. Wọ́n jọ wa ọkọ̀ kékeré láàárín àwọn òdòdó tó wà lórí pèpéle igi lójú omi. "Kí lò ń rí? Kí lò ń gbọ́?" Nhạn ń dáhùn. "Bí o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni kó o kọ ọ́."

Nígbà tí ìyá àgbà padà dé, Nhạn kàwé rẹ̀ sókè: "Ìyá àgbà mi ń fi aró pa irun rẹ̀ kó lè dúdú. Ọdún tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òdòdó ò tíì tanná. Ìyá àgbà ń pariwo mọ́ wọn pé, 'Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ẹ jí!' Lẹ́yìn náà ó rọra fọwọ́ ra ewé wọn, bó ṣe máa ń ra orí mi tí ibà bá mú mi."

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyìn nìkan ni ọmọ ń kọ nípa àgbà.

"Ta ló ní kó o tú àṣírí irun mi?" Ìyá àgbà nu ojú. "Mi ò sì pè wọ́n lọ́lẹ. Olóorun ni mo pè wọ́n. Lọ tún un kọ." Ó kọjú sí Khuyên. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tó wà."

Khuyên ti di ìyá ọlọ́mọ méjì báyìí. Kíláàsì kẹta ló ṣì ń kọ́, ní yàrá tó kọjú sódò.